Ta ni kí n gé fóòmù fún? Ìdìbò abẹ́lé ààrẹ ń bọ̀, oníbàárà mi ò fẹ́ dárúkọ ọ̀gá rẹ̀

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Sátidé, 3 oṣù kìíní 2026, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ìyèdún. Ìbéèrè kan ló gbé mi dé bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di ìjà ẹgbẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, torí èmi ò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tiẹ̀ ló kọ́ òun náà.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Jígí dúdú wà lójú rẹ̀, fóònù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá kan tó máa du ipò ààrẹ, pé àwọn fẹ́ àdìrẹ ẹgbẹ̀ta yáàdì, kí n kọ́kọ́ ṣe sáńpù. Mo ní orúkọ ta ni ká tẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ máa gbọ́." Mo ní ẹgbẹ́ wo. Ó ní, "Ẹ máa gbọ́." Mo wá ní owó àsansílẹ̀ ńkọ́. Ó tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ò dún bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ní 2022, irú ọ̀rọ̀ yìí náà lẹnì kan gbé wá bá mi, ó ní ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ lọ́dún yẹn ni. N ò ní dárúkọ, n ò sì ní sọ ẹgbẹ́. Irinwó yáàdì ni. Owó aṣọ funfun nìkan ló san. Owó àbẹ́là, owó aró, owó iṣẹ́, ó ní ó di ẹ̀yìn ìdìbò abẹ́lé.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ iṣẹ́ wa, fóòmù tìmùtìmù la fi ń tẹ orúkọ sára aṣọ. Mo máa fi bírò ya orúkọ náà sórí fóòmù, mo máa wá fi abẹ gé gbogbo ohun tó yí i ká kúrò, kí lẹ́tà lè yọ síta. Ìdàkejì lẹ ó gé e, bí ẹni ń wo ìwé nínú dígí, kó lè tọ́ nígbà tó bá kan aṣọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé fún ọkùnrin yẹn, mo gbàgbé, mo gé e bó ṣe rí nínú ìwé. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ rẹ̀ dà bíi Lárúbáwá. Ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ju ìyẹn nù, mo gé òmíràn. Àbẹ́là á máa hó lórí iná, ẹ ó ti fóòmù bọ̀ ọ́, ẹ ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ kó tó dì. Tẹ́ ẹ bá fi pẹ́ díẹ̀, àbẹ́là á dì, kò ní wọ aṣọ. Tẹ́ ẹ bá kánjú jù, á kán sí yín lẹ́sẹ̀. Àpá tiẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi òsì. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan aró, lẹ́yìn aró ló wá kan omi gbígbóná tá a fi ń bọ àbẹ́là kúrò. Irinwó yáàdì!

Alẹ́ ọjọ́ ìdìbò wọn, gbogbo wa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ogójì ìdì, yáàdì mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọkùnrin náà bọ́ síwájú. Mo ní kí àwọn ọmọ dákẹ́. Ó kí alága, ó kí gómìnà, ó kí gbogbo ayé tán, ó wá ní òun juwọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo tẹlifíṣọ̀n, mo wo aṣọ. Mo pe ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, fóònù rẹ̀ ti kú, kò sì tíì jí títí dòní. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé ẹnì kan ń pa aṣọ láró lórúkọ òun, n ò dá a lẹ́bi.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo tún gbogbo rẹ̀ rẹ sínú aró tó dúdú kirikiri, mo tà á ní ẹ̀dínwó. Bàbá kan wà ní Ìjemọ̀ tó fi tiẹ̀ rán bùbá àti ṣòkòtò. Tí oòrùn bá mú un dáadáa, orúkọ yẹn á yọ lẹ́yìn bàbá bí ilà ojú.

Ẹ wá bá mi sọ ọ́. Ta ló máa du tíkẹ́ẹ̀tì yìí ní tòótọ́? N ò bi yín léèrè ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà lórí ìwé títí tí wọ́n á fi dìbò tán ni mò ń wá. Ta ni kí n gé fóòmù fún?

Dẹ́rẹ́bà Láfẹ́ńwá
Sátidé, 3 oṣù kìíní, 10:22 alẹ́

Ìyá Aláàdìrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irinwó yáàdì kì í ṣe eré rárá.

Ẹ kọ́kọ́ mú ti ìgbálẹ̀, ìyẹn APC, kúrò. Ọjà ò sí níbẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n ti péjọ sí Abuja tí wọ́n ní Tinubu nìkan làwọn mọ̀. Ta ló fẹ́ lọ ra fọ́ọ̀mù láti bá ààrẹ tó wà lórí àga du ú? Mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ni fọ́ọ̀mù wọn ní 2022. Tí gbogbo wa ní gáréèjì bá dá èsúsú títí tá a fi hewú, kò ní pé.

Mo rántí 2022 yẹn dáadáa. Tọ́sìdé, ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, ni Tinubu wá bá àwọn dẹ́lígéètì níbí, ní ilé àlejò ààrẹ. Èmi ni mo gbé àwọn kan wá láti Ìmẹ̀kọ. Wọ́n ní kí n dúró síta, mo bá ra ẹ̀wà àganyìn, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Ìgbà tó yá, ariwo sọ nínú ọgbà. Mo bi ẹnì kan tó jáde wá gbatẹ́gùn pé kí ló dé. Ó ní, "Ó ní òun ló kàn." Mo ní, "Kí ló kàn án?" N ò mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo Nàìjíríà á ti máa fi "Èmi ló kàn" ṣe ohùn ìpè lórí fóònù. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn bíi mẹ́rin ló sì wà nínú eré yẹn o: Osinbajo, Amosun, Bankole, Pásítọ̀ Bakare. Ìgbà tí wọ́n kà á tán, Tinubu ní 1,271, Amaechi 316, Osinbajo 235. Amosun àti Bankole ti yọwọ́ fún Tinubu. Pásítọ̀ Bakare ní òdo. Ẹ gbọ́ o, òdo. Kí lẹ fẹ́ fi fóòmù òdo ṣe?

Àmì tí èmi fi ń mọ ẹni tó máa du nìyí, Màmá: bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń ṣeré á ní, "Ẹ múra sílẹ̀, a máa pè yín." Ẹni tó fẹ́ du á wá san owó epo sílẹ̀, á sì gba nọ́ńbà ọkọ̀. Ọmọ onífóònù méjì yẹn, ṣé ó gba nọ́ńbà yín?

Ọmọ Ìlaròó
Sátidé, 3 oṣù kìíní, 10:41 alẹ́

Ẹ fi ti ààrẹ sílẹ̀, ti gómìnà ló ká wa lára. Láti 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ẹ dárúkọ ọmọ Yewa kan ṣoṣo tẹ́ ẹ dìbò yàn sípò gómìnà. 2027 ti wa ni!

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Sátidé, 3 oṣù kìíní, 10:50 alẹ́

Ọmọ Ìlaròó, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ lọ ṣí ìbéèrè tiyín. Tí gómìnà yín bá fẹ́ àdìrẹ, ẹ ní kó béèrè mi ní Ìtòkú, owó ọwọ́ ni o.

Dẹ́rẹ́bà, kò gba nọ́ńbà mi. Èmi ni mo gba tiẹ̀. Ó ti ń rí bíi ti 2022.

Tíṣà Asẹ̀rò
Sọ́ńdè, 4 oṣù kìíní, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìsinmi, Màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rẹ́rìn-ín nídìí ìwàásù, ìyàwó mi gbún mi nígbùn-únwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin bá yín dá sí i. Bí òfin ìdìbò 2022 ṣe wà, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ lè gbà fa olùdíje kalẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè jáde dìbò, dẹ́lígéètì lè dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò. Èyí tí wọ́n ń pè ní fífẹnukò yìí ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù lọ. Òfin ní gbogbo àwọn yòókù tó ń du ipò náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé àwọn yọwọ́, àwọn sì fara mọ́ ẹni yẹn. Ẹnì kan lè ra fọ́ọ̀mù, kó háyà bọ́ọ̀sì, kó pa ẹgbẹ̀ta yáàdì láró, kó wá fọwọ́ síwèé ní aago méjì òru. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2026 yìí, wọ́n ṣì ń tún òfin náà ṣe ní Abuja.

Ti dẹ́lígéètì náà ní tiẹ̀. Ní 2022, mẹ́ta-mẹ́ta ni APC mú ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ogún ni tiwa ní Ògùn, ìyẹn ọgọ́ta èèyàn. PDP mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé gbogbo dẹ́lígéètì Ògùn lè wọ aṣọ yín kó má tán? Ẹni tó ní òun fẹ́ ẹgbẹ̀ta yáàdì, àwọn tó máa fi ṣe ìpolongo kiri ló ń rò. Ẹni tó bá ń ro ìpolongo ní oṣù kìíní, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò tíì ta fọ́ọ̀mù, ó ń dán ọjà wò ni.

Ibi tí ariwo wà báyìí ni ADC. Wẹ́sìdé tó kọjá, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, ni Peter Obi darapọ̀ mọ́ wọn ní Enugu. Atiku ti wọlé ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kọkànlá. Amaechi ti wà níbẹ̀ láti oṣù keje tí wọ́n fi David Mark ṣe alága fìdíhẹ, tí wọ́n sì fi Aregbesola ṣe akọ̀wé. Kò sí ẹni tó ní òun wá ṣèrànwọ́ nínú àwọn mẹ́ta yẹn.

Ìṣirò 2023 ló ń dùn mọ́ wọn. Atiku ní 6,984,520. Obi ní 6,101,533. Tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá. Tinubu tó wọlé, 8,794,726 ló ní. Àmọ́ ìbò kì í ṣe gàrí tẹ́ ẹ máa da kóńgò ẹnì kan mọ́ ti ẹnì kejì. Ẹni tó dìbò fún Obi torí pé ó ní kí ọmọ gúúsù ṣe é, ṣé ó máa gbé e fún Atiku? Níbí yìí gan-an, ní Ògùn, Tinubu ní 341,554, Atiku 123,831, Obi 85,829. Kódà tẹ́ ẹ bá da kóńgò méjèèjì pọ̀, kò kún tó ti Tinubu.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́
Sọ́ńdè, 4 oṣù kìíní, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ gé ti Obi, ẹ fọkàn balẹ̀! Ó ṣe igbákejì fún Atiku ní 2019, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Obi ò ní juwọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ gé e báyìí, àwa ọ̀dọ́ máa ra gbogbo ẹ̀ tán.

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Sọ́ńdè, 4 oṣù kìíní, 8:30 alẹ́

Ọmọ mi, mo gbọ́. Ó lè má juwọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó lè ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún 2022, PDP ni Obi wà, ó ti gba fọ́ọ̀mù wọn, gbogbo ayé ń retí rẹ̀ ní ìdìbò abẹ́lé. Ó ku bí ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n dìbò, ó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù yẹn, Labour ti fi í ṣe olùdíje wọn ní Àsàbà. Aládùúgbò mi kan ní Ìtòkú ti gé orúkọ rẹ̀ mọ́ agboòrùn, àmì PDP, lójú fóòmù kan náà. Ó ti rẹ aṣọ bí ogójì yáàdì. Orúkọ tọ́, ẹgbẹ́ ló yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ti èmi, ẹgbẹ́ ò yí, orúkọ ló yí. Àwa méjèèjì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, a wo ara wa, ó ní, "Ìwọ gbé ìdajì aṣọ tèmi, èmi á gbé ìdajì tìrẹ, bóyá á pé." A rẹ́rìn-ín, kò sóhun méjì tá a lè ṣe.

Mo wá ń rò ó láti àárọ̀. Èmi rò pé Obi ò ní dúró de ìbò tó bá rí i pé òun ò ní jẹ. Ìyẹn ò burú, èmi náà ò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n ò lè rẹ aṣọ lé e lórí.

Tíṣà, Jonathan ńkọ́? Wọ́n ń pariwo rẹ̀ ní Sàpón.

Tíṣà Asẹ̀rò
Sọ́ńdè, 4 oṣù kìíní, 9:05 alẹ́

PDP ti ní gúúsù ni olùdíje wọn á ti wá. Ìdí tí wọ́n fi ń dárúkọ Jonathan nìyẹn, tí wọ́n sì ń dárúkọ Makinde ti Ìbàdàn. Ti Jonathan ní ẹ̀gún nínú. Ní 2018 wọ́n ṣàtúnṣe sí òfin ilẹ̀ wa, pé ẹni tó bá gorí àga láti parí sáà ẹlòmíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tún lè dìbò yàn án. Jonathan parí sáà Yar'Adua ní 2010, wọ́n sì dìbò yàn án ní 2011. Àwọn agbẹjọ́rò kan ní òfin yẹn ò lè padà sẹ́yìn mú un, àwọn kan ní ó mú un. Tẹ́ ẹ bá gé fóòmù rẹ̀, ẹ gba agbẹjọ́rò mọ́ ọn.

Makinde, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbé e jáde ti pín sí méjì. Àwọn kan ṣe àpérò ní Adámásíngbà ní oṣù kọkànlá, wọ́n yan Turaki ní alága, wọ́n sì lé Wike. Wike àti àwọn tiẹ̀ ní àwọn ò mọ Turaki rí. Agboòrùn kan, èèyàn méjì ló ń fà á, òjò sì ń rọ̀.

Dẹ́rẹ́bà Láfẹ́ńwá
Sọ́ńdè, 4 oṣù kìíní, 9:11 alẹ́

Tíṣà, ìjìnlẹ̀ lẹ̀ ń sọ o. Ṣé kíláàsì lẹ wà ni?

Bàbá Gbágùrá
Mọ́ńdè, 5 oṣù kìíní, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Tí ó bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fi sùúrù ka á.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ láti 2022 ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jos, oṣù kẹta 1993. Ìdìbò abẹ́lé SDP ni. Moshood Abiola ọmọ tiwa, Kingibe, Atiku. Rédíò la fi gbọ́ ọ, ní iwájú ilé wa, àwa ọkùnrin bíi mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì kan. Moshood ló ṣáájú, Kingibe tẹ̀ lé e, Atiku ṣìkẹta. Iye tí ẹni tó ṣáájú ní ò tó, wọ́n ní kí wọ́n tún un dì. Ọkàn wa bà jẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n ní Atiku ti yọwọ́, pé ti Moshood ló ń ṣe. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ta ló ń jẹ́ Atiku?" Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn nìyẹn. Bí Moshood ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó sì padà fi Kingibe ṣe igbákejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ n tún un sọ.

Ìyá Aláàdìrẹ, ẹ wá fi ìka kà á. 2007, Atiku wà lórí ìwé ìdìbò lábẹ́ AC. 2011, ó bá Jonathan du ti PDP, kò rí i mú. Ìparí 2014, ó du ti APC ní Surulere, Buhari mú un, Kwankwaso ṣìkejì, òun ṣìkẹta. 2018, ó mú ti PDP ní Port Harcourt. 2022, ó tún mú un ní Abuja, 371 sí 237 ti Wike. Láti 1993 dé òní, ọdún 33. Ó máa pé ọgọ́rin ọdún ní oṣù kọkànlá ọdún yìí. Ẹ̀yin rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wá jókòó ti ADC kó máa wò wọ́n níran?

Èmi ò dìbò fún un rí o. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mo ni abẹ yẹn, ti Atiku ni mo máa gé.

Ẹ sì bá mi kí ìyá yín, tó bá jẹ́ ìyá tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ nídìí igi ní Ìtòkú láyé ọjọ́un ni. Ó ta aṣọ kan fún ìyàwó mi tó wà nínú àpótí títí dòní.

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Mọ́ńdè, 5 oṣù kìíní, 1:48 ọ̀sán

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Òun náà ni ìyá mi o. Ó ti lọ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Aṣọ ẹlẹ́kọ tiẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya á, kì í ṣe fóòmù rárá. Tẹ́ ẹ bá lè ya fọ́tò aṣọ yẹn fún mi, mo máa dúpẹ́ títí. Ẹ dákun.

Ti Atiku yẹn, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Tó bá jẹ́ pé wọ́n dìbò, orúkọ rẹ̀ máa wà níbẹ̀. Amaechi náà, mo rò pé á ra fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ṣìkejì ní 2022 kì í gbà pé òun ti ṣe é tán. Àmọ́ Jos tẹ́ ẹ sọ ló ń dún létí mi. Ẹni tó ṣìkẹta ló gbé ẹni àkọ́kọ́ wọlé. Tí mo bá wà ní Jos lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ìdì aṣọ Atiku, kí ni mi ò bá fi ṣe?

Mo ti rí ọgbọ́n kan dá. Mi ò ní gé orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ sójú fóòmù kan náà mọ́. Fóòmù ẹgbẹ́ á dá wà, fóòmù orúkọ á dá wà. Èyí tó bá yí nínú méjèèjì, èkejì ò ní bá a lọ. Aládùúgbò mi tó gé agboòrùn mọ́ Obi lọ́jọ́sí, mo sọ fún un láàárọ̀ yìí, ó ní, "Ọdún mẹ́rin lo fi ronú kan ìyẹn?" Mo dá a lóhùn pé òun ò ronú kàn án rárá.

Dẹ́rẹ́bà Láfẹ́ńwá
Mọ́ńdè, 5 oṣù kìíní, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Màmá, onífóònù méjì ńkọ́? Ṣé ó ti padà wá?

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Wẹ́sìdé, 7 oṣù kìíní, 9:12 alẹ́

Ó padà wá láàárọ̀ àná. Kò wọ jígí lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí ò sùn. Ó ní ADC ni. Mo ní ta ni nínú wọn. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ìta, ó ní, "Màmá, àwọn ọ̀gá ṣì ń sọ̀rọ̀."

Mo ní owó ńkọ́. Ó bọ ọwọ́ sápò, ó ka ìdajì owó ẹgbẹ̀ta yáàdì sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ó gba nọ́ńbà mi, ó tún gba ti ọmọ mi. Dẹ́rẹ́bà, mo rántí yín. Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo wá jókòó láti gé ọwọ́ méjì tó bọra wọn yẹn, àmì ẹgbẹ́ wọn. Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Orúkọ èèyàn rọrùn jù ú lọ. Ìka tí mo kọ́kọ́ gé dà bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú. Ìkejì dára díẹ̀, àmọ́ àtàǹpàkò wá sí ibi tí kò yẹ, ó dà bíi pé ọwọ́ kan ń fún èkejì pa. Ìkẹta ni mo tó rí mú.

Ìgbà tí mo fi sáńpù hàn án, ó ní ó dára, àmọ́ kí n fi àárín aṣọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, roboto, bí abọ́ ìjẹun ṣe fẹ̀ tó. Mo ní ṣé orúkọ ló máa wọbẹ̀ ni àbí fọ́tò. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà fi àyè sílẹ̀, a máa sọ fún yín." Mo ní tó bá dọjọ́ orúkọ, mo máa tún un tẹ̀, mo sì máa tún un rẹ, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó ní kò burú.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo da abọ́ tánganran kan dé àárín aṣọ, mo fi bírò yí i po, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun àbẹ́là sínú gbogbo ojú rẹ̀ kí aró má lè wọlé. Ọgọ́rùn-ún yáàdì ti gbẹ lórí okùn báyìí. Aró mú wọn dáadáa, ọwọ́ méjì bọra wọn yíká, àárín funfun báláú. Ẹni tó bá ń kọjá ló ń dúró bi mí pé kí ló fẹ́ wọ ibẹ̀.